Mùdíìrù Tó Pe Ìtọ́jú Ẹ̀rọ ní Harámù

Àsàlámù àléékùm o, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́hun. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ jókòó sábẹ́ igi lọ́hùn-ún, ṣé ẹ ń gbọ́ mi dáadáa? Ẹ bá mi yí gbohùngbohùn yẹn sí wọn. Ó dáa. Ọpẹ́ ni fún Ọba tó jí wa láàárọ̀ yìí láìbéèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kó máa bá Ànábì wa, àti ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó ń tẹ̀ lé wọn lódodo.

Wáàsí tòní, orí àmánà ni. Àmánà ni ohun tí wọ́n kó lé ọ lọ́wọ́ pé kó o bá wọn mójú tó. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń wo akápò wa báyìí. Ẹ fi í sílẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó kówó jẹ ni mo wá bá wí lónìí. Ẹni yẹn mọ ara rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni, ó sì tún ba àmánà jẹ́. Kí ló fà á? Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ọ̀rọ̀ tó ba nǹkan ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ni.

Ilé-kéú ńlá kan wà ní apá Òkè-Ògùn. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ yéé wo ara yín. Olórí ilé-kéú náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Mùdíìrù, Alfa Bàdámásì lorúkọ rẹ̀. Olóòótọ́ ni, kì í purọ́, kì í pẹ́ dé ìrun. Tí wọ́n bá gbé mínírà wá fún un níbi ìpàdé, á ní kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n gbé omi wá fún òun. Torí ẹ̀ làwọn èèyàn ṣe ń yìn ín pé, "Mùdíìrù wa kì í náwó ilé Ọlọ́hun nínàákúnàá." Ìyìn yẹn wọ̀ ọ́ lára. Kò pẹ́ tó fi di pé, tí wọ́n bá ti ní kí ilé-kéú ná owó kan, ohun tó kọ́kọ́ máa ń rò ni ohun táráyé máa wí nípa òun.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìlú náà tó ń gbé l'Ékòó ló fi ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ńlá kan ta ilé-kéú lọ́rẹ. Ó ní sàárà tí ẹ̀san rẹ̀ máa bá òun dé sàréè ni. Ẹ̀rọ náà ga dé àyà mi, mo fojú ara mi rí i. Ìdí tó fi rà á rèé: ilé-kéú yẹn ni gbogbo ilé-kéú àgbègbè ti ń ṣe ìdánwò Sánáwì, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò kì í fi ìbéèrè tó máa kárí gbogbo èèyàn ránṣẹ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ pa sínú àpòòwé. Mùdíìrù àti akọ̀wé rẹ̀ ló máa tilẹ̀kùn mọ́rí, tí wọ́n á ṣe ẹ̀dà ìyókù. Ṣé ó yé yín? Iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ dé ìta ni.

Akọ̀wé náà ni Àlàájà Hàbíbátù. Ìyá Ọ́fíìsì ni gbogbo ilé-kéú ń pè é. Òun ló ń bá ẹ̀rọ náà ṣe lójoojúmọ́, òun ló sì mọ ohun tójú ẹ̀rọ náà ń rí. Àbí ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àwa mùsùlùmí, tá a bá ti gbọ́ pé nǹkan kan jẹ́ ti ilé Ọlọ́hun, ọ̀fẹ́ ni lójú wa, a sì gbà pé kì í rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ṣe fídáù bàbá rẹ̀ á gbé ìwé ètò wá. Ẹni tó ń ṣe wòlímọ̀ ọmọ á gbé tiẹ̀ wá. Yìgì síso, ìsọmọlórúkọ, àdúà ilé ṣíṣí, ẹ̀rọ yẹn náà ni. Ìyá Ọ́fíìsì á ní, "Ẹ ṣe sùúrù, ó ti gbóná." Wọ́n á ní, "Háà, Àlàájà, ti Ọlọ́hun ni o, ẹ jẹ́ kó ṣe díẹ̀ sí i." Eruku ọyẹ́ tún ń gba ojú fèrèsé wọ inú rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ìyá Ọ́fíìsì bá ránṣẹ́ pe Lùkùmánù, ọmọkùnrin kan tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe. Lùkùmánù mọṣẹ́, àmọ́ ẹlẹ́nu dídùn ni, ó lè ta ojú ọ̀run fún yín. Ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ilé-kéú, ó ní:

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn ìtọ́jú. Ẹ ó máa san iye kan lóṣooṣù, èmi náà á máa yọjú lóṣooṣù. Màá gbọn eruku inú rẹ̀, màá pààrọ̀ rọ́bà tó ń fa ìwé kó tó jẹ tán, tó bá sì kọṣẹ́ lójijì, ọjọ́ náà gan-an ni màá dé. Ẹ jẹ́ ká kọ ẹ̀rọ kékeré tí Mùdíìrù fi ń tẹ lẹ́tà mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká kọ jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Kódà, fáànù òkè yẹn..."

Mùdíìrù ní, "Fáànù kẹ̀? Ìgbálẹ̀ ńkọ́? Ṣé kò ní wọ inú àdéhùn ni?"

Gbogbo ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ibi tó bá a dé yẹn, Mùdíìrù jàre o. Ẹ̀rọ kékeré tó ń tẹ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe àdéhùn lé e lórí fún? Tó bá kú, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ síta lọ tẹ lẹ́tà wọn. Ohun tó yẹ kí wọ́n bi ara wọn lọ́jọ́ náà kò pọ̀. Ẹ̀rọ yìí, tó bá kú lónìí, kí ló máa bá a kú? Ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ṣeé gbé lọ síbòmíràn? Ṣé ó lè dúró de ẹni tó máa tún un ṣe? Tó bá lè dúró, ẹ pa owó yín mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnu dídùn kó yín sí gbèsè. Tí kò bá lè dúró, ẹ wá ẹni tó máa mójú tó o. Ọ̀rọ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ọ́fíìsì kúkú sọ ọ́. Ó ní, "Mùdíìrù, ẹ jẹ́ ká fi kékeré sílẹ̀, ká fi fáànù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ti ńlá yìí nìkan, nítorí ìdánwò. Ìdánwò ò ṣeé gbé síta."

Ó yẹ kó tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ Mùdíìrù ni, orí rẹ̀ ti wú. Ó dìde, ó tún agbádá ṣe:

"Àlàájà, tí oṣù kan bá kọjá tí ẹ̀rọ ò bàjẹ́ ńkọ́? Owó ti lọ, a ò rí nǹkan kan gbà. Kéèyàn máa sanwó lórí ohun tó lè ṣẹlẹ̀, tó sì lè má ṣẹlẹ̀, kí là ń pè é? Tẹ́tẹ́ ni! Harámù ni!"

Hẹn-ẹ́n. Ta ló fẹ́ bá harámù jiyàn?

Ìyá Ọ́fíìsì nìkan ló tún sọ̀rọ̀. Ó rọra ní, "Mùdíìrù, ọlọ́dẹ tá a gbà sẹ́nu ọ̀nà, ṣé oṣù tí olè bá wá nìkan la máa ń sanwó fún un?"

"Ọlọ́dẹ, èèyàn ni. Eléyìí, irin ni."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ìdáhùn nìyẹn? Ẹni tó ń wá gbọn eruku, tó ń wá pààrọ̀ rọ́bà, iṣẹ́ ló ń ṣe, owó iṣẹ́ ló ń gbà. Níbo ni tẹ́tẹ́ wà níbẹ̀? Mùdíìrù gan-an mọ̀. Ohun tí kò fẹ́ náwó lé lórí ló lọ wọ aṣọ ẹ̀sìn fún. Ó sì ń bí mi nínú, torí pé ó pọ̀ láàárín wa. Ọkùnrin ò fẹ́ ra bàtà fún ìyàwó, á ní bàtà gíga, harámù ni. Kò fẹ́ kí ọmọ lọ síléèwé, á ní ibi tí wọ́n ti ń kọrin yẹn, harámù ni. Ẹ wo àwọn ìyá tó ń pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ síyẹn. Kí o sọ ohun tí Ọlọ́hun ò kọ̀ di èèwọ̀ nítorí àpò rẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni, bí o bá tiẹ̀ ń kírun títí iwájú orí rẹ fi dúdú.

Lùkùmánù palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, ó lọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ̀rọ náà dákẹ́ lójijì níbi tó ti ń ṣe ìwé fídáù. Mùdíìrù gbé ọwọ́ lé e, ó ka àdúà sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, fúù. Ó ní kí wọ́n tún tan iná rẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́!

"Àlááhù àkúbárù! Ẹ ti rí i báyìí? Kí la fẹ́ fi Lùkùmánù ṣe?"

Mi ò sọ pé àdúà ò dára o, kí ẹnikẹ́ni má lọ pa irọ́ mọ́ mi. Ẹ̀rọ tó gbóná ló sinmi, tó tutù, tó tún dìde. Rọ́bà tó ti jẹ ò hù padà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni tọ́rọ̀ náà máa dùn jù. Àsímáwù lorúkọ rẹ̀, ó wà ní kíláàsì tó fẹ́ jáde. Ó ti fi ilé-kéú sílẹ̀ nígbà tó lọ́kọ, ó tún padà wá tòun tọmọ lẹ́yìn. Ọkọ rẹ̀ ń ṣòwò ní Kútọnu, ó ti gba yàrá síbẹ̀, ó ní kó máa bọ̀. Àsímáwù bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Bàbá Hàmídù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣe Sánáwì yìí ná." Ọkọ náà gbà, Ọlọ́hun kó san án lẹ́san. Ilé-kéú àwọn ọmọbìnrin kan ní Kútọnu sì ti sọ pé àwọn máa gbà á sí iṣẹ́ olùkọ́ tó bá ti mú ìwé ẹ̀rí dé. Ọdún yẹn nìkan ni àyè rẹ̀. Tó bá ti kọjá, ó di Kútọnu, ó di ilé ọkọ, ó di oyún mìíràn. Ẹ̀yin obìnrin mọ ohun tí mò ń wí. Kò sẹ́ni tó kàwé tó o nínú kíláàsì yẹn.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀, Mùdíìrù àti Ìyá Ọ́fíìsì tilẹ̀kùn, wọ́n já àpòòwé. Wọ́n gbé ìbéèrè sójú ẹ̀rọ, wọ́n ki ìwé òfìfo bọ inú rẹ̀. Ó gba àkọ́kọ́, ó run ún wómúwómú. Ó gba èkejì, ó ká a kò. Ó hó díẹ̀, ó sì kú. Mùdíìrù ka àdúà, ó fẹ́ ẹ, ó tún un fẹ́. Kò dìde.

Ìyá Ọ́fíìsì pe Lùkùmánù lórí fóònù. Lùkùmánù ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, lọ́dọ̀ àwọn tá a jọ ní àdéhùn. Tiwọn náà kọṣẹ́, àwọn ni mo gbọ́dọ̀ dá lóhùn ná. Ọ̀túnla ni mo lè dé ọ̀dọ̀ yín."

Ṣé ó jẹ̀bi? Kò jẹ̀bi. Ọlọ́hun ló ní ká mú àdéhùn ṣẹ, tàwọn ará ibẹ̀ ló ń mú ṣẹ.

Ẹ̀rọ kékeré kò mọ ẹ̀dà ṣe, lẹ́tà nìkan ló ń tẹ̀. Mùdíìrù bá ki ìbéèrè náà bọ abẹ́ agbádá, ó forí lé ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì nítòsí páàkì, Sàláúdéẹ̀n lorúkọ rẹ̀. Ìyá Ọ́fíìsì ní kí òun bá a lọ, ó ní rárá, kó dúró ti ọ́fíìsì. Nígbà tó débẹ̀, ó dúró ti ẹ̀rọ gbọnin, kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sún mọ́ ọn. Gbogbo èyí tó ń jáde dáadáa, ó ń kó o. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ibẹ̀ náà ń ba òmíràn jẹ́, òmíràn á dúdú lápá kan, òmíràn á ká kò, Sàláúdéẹ̀n á sì jù wọ́n sábẹ́ tábìlì. Bí wọ́n ṣe ń parí lọ ni wọ́n pe ìrun Àsárì. Mùdíìrù kó èyí tó dára, ó yára forí lé mọ́ṣáláṣí. Èyí tó bàjẹ́ ò wá sí i lọ́kàn rárá.

Ẹ wá gbọ́ ibi tọ́rọ̀ gbà yọ. Sàláúdéẹ̀n kì í ṣe olè. Ká ní olè ni, ìtàn yìí ì bá rọrùn fún mi láti sọ. Ó bẹ̀rù Ọlọ́hun. Nígbà tó fẹ́ gbálẹ̀, ó rí àwọn ìwé yẹn lábẹ́ tábìlì, ó rí i pé Lárúbáwá ni wọ́n kọ sí i. Kí làwa mùsùlùmí máa ń ṣe tá a bá rí ìwé Lárúbáwá nílẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn. Ṣé a máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ṣé a máa dà á sórí ààtàn? Ó tì o! Orúkọ Ọlọ́hun lè wà nínú rẹ̀! Sàláúdéẹ̀n ò mọ Lárúbáwá kà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ìbéèrè ìdánwò ni. Ó ṣà wọ́n, ó gbọn eruku ara wọn, ó tò wọ́n dáadáa. Ó wo títì, ó rí géńdé ọkùnrin méjì tó wọ aṣọ ilé-kéú, ó bá pè wọ́n:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó èyí fún Alfa yín, kí ẹsẹ̀ má lọ tẹ̀ ẹ́. Ọlọ́hun á fún yín ní àlùbáríkà."

Kíláàsì tó fẹ́ jáde làwọn méjèèjì wà.

Súbùhánàláì! Ṣé ẹ rò pé wọ́n kó o fún Alfa? Wọ́n kà á, ojú wọn là. Wọ́n fi fóònù yà á, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kárí kíláàsì. Àsímáwù nìkan ni ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, torí fóònù ọwọ́ rẹ̀ kì í gba fọ́tò.

Ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá tó wá mójú tó o rí i pé àwọn kan ti ń kọ ìdáhùn láìtíì ka ìbéèrè tán. Ó gba fóònù ẹnì kan, ó rí ìbéèrè náà níbẹ̀, pẹ̀lú ibi tó dúdú lápá kan. Wọ́n kó ìwé gbogbo wọn, wọ́n fagi lé e. Wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ ṣe Sánáwì níbẹ̀ mọ́ fún ọdún méjì.

Ìyá Ọ́fíìsì kúnlẹ̀ bẹ ọ̀gá náà, ó fa Àsímáwù lọ́wọ́ síwájú. Ó ní, "Ẹ yọ ti ọmọ yìí sọ́tọ̀, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ọ̀gá náà wo Àsímáwù, ó wo ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn. Ó ní, "Àlàájà, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ fi hàn àwọn tó rán mi pé ẹnì kan ò rí ohun tí gbogbo kíláàsì rí?"

Kí ni kí ó ti ṣe? Èmi ò mọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibi yìí nínú ìtàn náà ni inú mi máa ń bàjẹ́, ó sì bàjẹ́ báyìí náà.

Lùkùmánù dé lọ́jọ́ tó dá. Ó gbọn eruku, ó pààrọ̀ rọ́bà, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mùdíìrù buwọ́ lu àdéhùn ìtọ́jú lọ́jọ́ náà, ti ẹ̀rọ ńlá nìkan, bí Ìyá Ọ́fíìsì ṣe wí gẹ́lẹ́. Ẹ ò rí i pé harámù ti di hàláálì. Ẹ̀rọ náà wá dára, ó ń dán, ó ń fa ìwé wuuru. Kò kàn sí ìdánwò tó máa ṣe ni.

Mùdíìrù bá lọ sílé Àsímáwù. Ó bá a níbi tó ti ń di ẹrù Kútọnu. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó. Ó ní:

"Àsímáwù, ọmọ mi, forí jì mí. Ọlọ́hun rí mi, mi ò jẹ owó yín. Mi ò jẹ kọ́bọ̀ níbẹ̀."

Àsímáwù kúnlẹ̀ kí i. Ó ní, "Mo mọ̀, Mùdíìrù. Kò sẹ́ni tó sọ pé ẹ jẹ ẹ́. Owó wà níbẹ̀, ẹ ṣọ́ ọ, kò dín. Àwa la ò rẹ́ni ṣọ́ wa."

Kò pariwo, kò bú u. Ó dìde, ó padà sídìí ẹrù rẹ̀. Mùdíìrù fúnra rẹ̀ ló sọ èyí fún mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n máa sọ ọ́ níbikíbi tí mo bá ti ń ṣe wáàsí, kí n má sì fi orúkọ òun bò. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi lónìí.

Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin akápò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olórí nílé yín, owó kọ́ ni àmánà. Àwọn èèyàn tí owó náà wà fún, àwọn ni àmánà. Kó o tó sọ pé o ò náwó lórí nǹkan, béèrè pé ta ló máa jìyà rẹ̀ tí nǹkan náà bá dákẹ́. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni, ṣe bó o ṣe fẹ́. Tó bá jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, bẹ̀rù Ọlọ́hun. Tí harámù bá sì fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ, kọ́kọ́ wò ó bóyá àpò rẹ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tiwa náà, ẹ̀rọ tó ń fa omi àlùwàlá wa, mo gbọ́ bó ṣe ń han gooro nígbà tí mò ń wọlé. Ẹ dúró dè mí lẹ́yìn àdúà.

Ẹ tẹ́wọ́. Ìwọ Ọba tí oorun kì í kùn, fi ọ̀nà tó tọ́ mọ̀ wá ká tó ṣì í. Má fi wá ṣe ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ọmọnìkejì sì ń sunkún nítorí rẹ̀. Gbà wá lọ́wọ́ ìyìn èèyàn. Dárí ji Bàdámásì, dárí ji Sàláúdéẹ̀n tó ṣe tirẹ̀ nítorí orúkọ Rẹ. Àti ọmọbìnrin Rẹ, Àsímáwù, níbikíbi tó bá wà ní Kútọnu láàárọ̀ yìí, a ò ní ohun tá a lè fi dí i fún un. Ìwọ lo ní in. Bá wa fún un.

Ẹ ṣe Àmín, kó dé ọ̀hún.